Láti Pópó Yemọja dé Àbújá: Bí Ọ̀nà Òfurufú Ṣe Jìn Tó àti Wákàtí tí Ìrìn Àjò Náà Ń Gbà

Pápákọ̀ òfurufú tí ó sún mọ́ Pópó Yemọja jù lọ ni ti Alákìá, èyí tí a fi orúkọ Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá pè. Ní ìlà tààrà, nǹkan bí kìlómítà 9 péré ni. Láti Alákìá dé pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe ní Àbújá jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 405, èyí tí í ṣe máìlì 252. Ọ̀nà ilẹ̀ ju kìlómítà 500 lọ, nítorí pé ó ní láti yà lọ bá afárá Odò Ọya, yálà ní Jẹ́bà tàbí lẹ́bàá Lọ́kọ́jà.

Bàálù ATR 72, tí ó ń lo abẹ̀bẹ̀, a máa sáré tó nǹkan bí kìlómítà 500 ní wákàtí kan. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ìṣẹ́jú 49 ni ì bá gbà dé Àbújá. Ṣùgbọ́n bàálù ní láti rìn lórí ilẹ̀, kí ó gòkè, kí ó sì rọra sọ̀kalẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi ń tó bíi wákàtí kan. Boeing 737 yá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, síbẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń dín kù, nítorí pé gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìrìn kúkúrú báyìí.

Wákàtí kan yìí kọ́ ni gbogbo ìrìn àjò. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí wọ́n pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ní àárín ìlú Àbújá ní aago 2 ọ̀sán. Láti Pópó Yemọja, yóò gba Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Géètì àti Ìwó Road; ẹni tí ó bá mọ sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Bẹẹrẹ yóò fún un ní wákàtí kan ààbọ̀. A gba yín níyànjú láti dé pápákọ̀ ní wákàtí 2 ṣáájú ìgbéra, nítorí pé wọn a máa ti ibi ìforúkọsílẹ̀ kí bàálù tó gbéra. Wákàtí kan lókè, ààbọ̀ wákàtí láti gba ẹrù, àti nǹkan bíi wákàtí kan sí i lórí kìlómítà 40 tí ó wà láàárín pápákọ̀ Àbújá àti àárín ìlú. Gbogbo rẹ̀ di wákàtí 6. Aago 8 òwúrọ̀ ni kí ó ti jáde nílé, kí ó sì wọ bàálù aago 11:30; bàálù ọ̀sán kò lè gbà á.

Ìṣirò yìí kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ìdádúró rárá. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, eruku a máa bo ojú ọ̀run, bàálù a sì máa pẹ́ tàbí kí ó má fò mọ́. Bí ọ̀ràn náà bá jẹ́ èyí tí kì í wá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú.

Àwọn mìíràn a máa gba Ìkẹjà lọ. Láti ibẹ̀ dé Àbújá jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 510 lójú òfurufú, èyí kò sì fi ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún kún àkókò òkè. Títì márosẹ̀ láti Ìbàdàn sí Èkó ni ó ń jẹ àkókò. Ẹni tí kò bá fẹ́ wà lójú títì lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà, kí ó sọ̀kalẹ̀ ní Agége, èyí tí ó sún mọ́ Ìkẹjà ju ibùdó ìkẹyìn lọ. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fi àsìkò ọkọ̀ náà wé ti bàálù.

Ètò bàálù ní Alákìá a máa yí padà. Kí ẹ tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà bóyá bàálù ń gbéra níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ àti ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ padà.