Omi Odò Ọya àti Iná Kainji

Ẹni tó bá gbé ilé ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn yóò rántí igbe àwọn ọmọdé ládùúgbò, "Wọ́n ti mú iná lọ!" Yóò sì rántí ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà máa ń sọ bí wọ́n bá jókòó yí àtùpà ká: "Ṣé a ó máa gbé iná fún ará Nìjẹ̀r nígbà tí ilé tiwa ṣókùnkùn?" Èmi náà ti bèèrè bẹ́ẹ̀ rí, tìbínútìbínú. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ odò náà lọ sókè, a ó rí i pé àánú kọ́ ló mú wa gbé iná fún wọn.

Ní 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ dáàmù Kainji, Ọ̀gágun Gowon sì ṣí i ní oṣù kejì ọdún 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà. Omi bo Bussa àtijọ́, níbi tí Mungo Park kú sí ní 1806, ó sì lé ní 40,000 ènìyàn tó ní láti kó kúrò ní ilé bàbá wọn. Wáyà ńlá gba Jẹ́bà dé Òṣogbo, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Púpọ̀ nínú wa ló fi iná odò náà ka ìwé.

Àmọ́ ilẹ̀ wa kọ́ ni Odò Ọya ti ṣẹ̀. Láti òkè ilẹ̀ Gínì ló ti ń ṣàn bọ̀, ó gba Màlì, ó gba Nìjẹ̀r, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló sì máa ń kún ní Kainji. Èkíní, láti nǹkan bí oṣù kẹjọ, jẹ́ ti òjò tó rọ̀ nítòsí. Ẹrẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ó funfun bí omidùn, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní omi funfun. Èkejì ni omi dúdú. Òjò Gínì ni, èyí tó ti rọ̀ ní oṣù púpọ̀ sẹ́yìn, tó tàn káàkiri àbàtà ńlá ilẹ̀ Màlì, tó fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tó wá rọra ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. (Dúdú ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n òun gan-an ló mọ́ jù.) Omi yìí ló ń yí ẹ̀rọ Kainji nígbà tí òjò ti dá pátápátá ní ilẹ̀ wa. Àárín ilẹ̀ Nìjẹ̀r ló sì ń gbà kọjá.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Nìjẹ̀r ti ń fẹ́ sé odò náà ní Kandadji, ibi tó jìnnà tó nǹkan bí 180 kìlómítà sí òkè Niamey. Aṣálẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọn. Ta ni yóò bá wọn wí? Nàìjíríà ló wá dá àbá pé: ẹ má sé odò, a ó fún yín ní iná. Ojú àánú ti wà láàárín àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀. Ààrẹ Hamani Diori dúró ti ìjọba àpapọ̀ nígbà ogun Biafra, Niamey sì ni àjọ OAU pe Gowon àti Ojukwu sí ní oṣù keje ọdún 1968 nígbà tí wọ́n ń wá àlàáfíà. Ní 1971 ni orílẹ̀-èdè méjèèjì dá ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe sílẹ̀, wọ́n fi ibùjókòó rẹ̀ sí Niamey. Nígbà tó fi máa di 1976, wáyà ti na láti Birnin Kebbi dé Niamey. Nìjẹ̀r ń sanwó iná náà, ṣùgbọ́n owó tó dẹjú ni.

Àdéhùn náà kò lè rọ òjò. Nígbà ọ̀dá ọdún 1985, díẹ̀ ló kù kí odò gbẹ tán ní Niamey.

Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Bazoum. ECOWAS bínú, Nàìjíríà tó jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà sì gé iná Nìjẹ̀r láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nǹkan bí ìpín 70 nínú 100 iná tí wọ́n ń lò ló ti ọ̀dọ̀ wa wá. Òkùnkùn bo Niamey fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ẹni tó sì ń ta omi tútù tàbí tó ń ránṣọ kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀ràn àwọn ológun. Ní tèmi, mo gbà pé a ṣe àṣejù níbẹ̀. Iná yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn tí a lè gbà padà bí inú bá bí wa. Iye omi ni.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2024 ni ECOWAS mú ọ̀pọ̀ nínú ìjìyà náà kúrò, iná sì padà. Ṣùgbọ́n Nìjẹ̀r ti rí ohun tó rí. Wọ́n ti ní pápá iná oòrùn ní Gorou Banda lẹ́bàá Niamey, wọn kò sì jáwọ́ nínú Kandadji, èyí tí wọ́n ti fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ láti 2008, tí wọ́n ń retí 130 mẹgawáàtì nínú rẹ̀. Bí ó bá parí, kọ́kọ́rọ́ omi ẹ̀ẹ̀rùn yóò bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọn kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ nílò iná wa mọ́.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí a fi gé iná wọn yẹn, omi dúdú gba abẹ́ afárá Niamey kọjá, ó dé Kainji bó ti máa ń dé.