Òǹtẹ̀ Ayédèrú Lára Fàdákà Hanau

Òǹtẹ̀ ni àmì wínníwínní tí a fi irin lù sára fàdákà láti fi jẹ́rìí sí i. Ní ilẹ̀ Jámánì àtijọ́, ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ ìlú ni ó ń yẹ ohun èlò kọ̀ọ̀kan wò kí ìlú tó fọwọ́ sí i: èso igi páìnì ni àmì Augsburg, lẹ́tà N sì ni ti Nuremberg. Ẹni tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò a máa ha díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ láti fi dán an wò, ojú ibi tí ó ha á yóò sì rí wọ́lọwọ̀lọ bí ipa ejò.

Hanau, ìlú etí odò Main nítòsí Frankfurt, ni ibi tí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí wọ́n sá fún inúnibíni ti tẹ̀dó láti ọdún 1597, tí iṣẹ́ wúrà àti fàdákà sì gbilẹ̀ débi pé a dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1772. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Jámánì di ọ̀kan ní ọdún 1871, àwọn olówó tuntun ń wá ohun ọ̀ṣọ́ tí ó jọ ti àwọn ọba àtijọ́, ṣùgbọ́n ojúlówó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì wọ́n bí ojú. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi J. D. Schleissner àti Neresheimer wá ń rọ irú rẹ̀ ní tuntun: ọkọ̀ ojú omi orí tábìlì, tí ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí atukọ̀ tí kò ju èékánná lọ sì ń gun okùn rẹ̀, àti jagunjagun tí a fi eyín erin gbẹ́ ojú rẹ̀. Wọn a wá lu òǹtẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i, èso páìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà aládé bíi ti Faransé, àkópọ̀ tí ìlú kankan kò lù pọ̀ rí. Ó ṣòro láti pe gbogbo èyí ní jìbìtì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni wọ́n tà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tuntun tí a ṣe ní àṣà àtijọ́. Àwọn tí wọ́n tún un tà lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di ohun ayé àtijọ́.

Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1888 gbé òǹtẹ̀ adé àti oṣù lílé kalẹ̀ fún ohun èlò tí fàdákà rẹ̀ kò dín ní ìdá 800 nínú 1000, síbẹ̀ òǹtẹ̀ ayédèrú kò kásẹ̀ nílẹ̀. Ibi tí àṣírí ti tú jù ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé òfin ibẹ̀ sọ pé kí a yẹ fàdákà òkèèrè wò kí a tó tà á, láti ọdún 1867 títí di ọdún 1904 ni wọ́n sì ń fi lẹ́tà F kún òǹtẹ̀ rẹ̀. Ọjà Neresheimer tí Berthold Muller kó wọlé ni a sábà máa ń lu òǹtẹ̀ ìlú Chester sí, pẹ̀lú lẹ́tà tí ó ń tọ́ka sí ọdún, nítorí náà ife tí ó ń díbọ́n bí ọmọ nǹkan bí ọdún 1650 lè gbé ọdún 1899 sí ìdí ara rẹ̀.

Lónìí, àwọn olùkójọ ti ka àwọn òǹtẹ̀ ayédèrú wọ̀nyí, wọ́n sì mọ ilé-iṣẹ́ tí ó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí ó fi jẹ́ pé àmì tí a lù láti fi bo Hanau mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ iṣẹ́ Hanau.