Dansoman àti Ìṣàyẹ̀wò Owó Ìlú ní Gánà

Dansoman jẹ́ àdúgbò ńlá ní ìwọ̀-oòrùn Accra, olú-ìlú Gánà. Òun ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ablekuma West. Olùyẹ̀wò Owó Àgbà ni ó ń yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ náà wò, gẹ́gẹ́ bí ti gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba.

Abala 187 nínú Ìwé Òfin ọdún 1992 fún òṣìṣẹ́ yìí lágbára láti fagi lé ìnáwó tí kò bófin mu, kí ẹni tó ná an sì san án padà. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lo agbára náà. Ẹgbẹ́ OccupyGhana pẹjọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé dandan ni kí a lò ó.

Daniel Domelevo, Olùyẹ̀wò ìgbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí gba owó padà. Ní ọdún 2020, Ààrẹ Nana Akufo-Addo pàṣẹ pé kí ó lọ fún ìsinmi. Ilé-ẹjọ́ kan náà dájọ́ ní ọdún 2023 pé àṣẹ yẹn tako Ìwé Òfin, ṣùgbọ́n Domelevo ti kúrò nípò láti ọdún 2021. Òfin nìkan kò tó láti ṣọ́ owó ìlú. Ó yẹ kí ààbò wà fún ẹni tí ń ṣọ́ ọ.