Ohun tí ó wà Lẹ́yìn Nọ́ńbà: Ìtàn Sẹ́ńsọ̀ Ìgbóná Afẹ́fẹ́ nínú Ọkọ̀ Onítọ́bò

1. Ìfáárà

Nígbà tí iná ìkìlọ̀ bá tàn nínú ọkọ̀ onítọ́bò, tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò sì kọ nọ́ńbà tí ó jẹ mọ́ ìgbóná afẹ́fẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń ṣe ni pé kí wọ́n yọ sẹ́ńsọ̀ sọnù, kí wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìtàn bí sẹ́ńsọ̀ náà ṣe dé inú ọkọ̀ tako àṣà yìí. Nọ́ńbà náà kò fìgbà kan jẹ́ orúkọ àrùn. Ẹ̀rí ni, ẹ̀rí sì ń fẹ́ onídàájọ́.

2. Láti Orí Büchi dé Orí Intercooler

Ọdún 1905 ni Alfred Büchi, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Switzerland, kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí ọgbọ́n tí ó di ìpìlẹ̀ tọ́bò. Èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù ni yóò máa yí tọ́báìnì, agbára rẹ̀ ni a ó sì fi máa ki afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, epo tí ẹ́ńjìnnì lè jó yóò pọ̀ sí i, agbára rẹ̀ náà yóò sì pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ kì í ṣàìgbóná. Ẹni tí ó bá ti fi páǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ara páǹpù a máa gbóná. Ọ̀nà méjì ni ìgbóná yìí gbà ń pa ẹ́ńjìnnì lára: afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa fẹ́lẹ́, bẹntiróòlù inú rẹ̀ sì lè gbiná ṣáájú àkókò, kí ó fọ́ písítìn. Nínú ọkọ̀ Jetfire tí Oldsmobile ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1962, omi tí a pò mọ́ methanol ni wọ́n ń fọ́n sínú afẹ́fẹ́ náà. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ máa rọ ọ́ kún. Ọ̀pọ̀ wọn kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò ṣe ọkọ̀ náà mọ́ lẹ́yìn 1963. Intercooler ni ó fìdí múlẹ̀ ní tirẹ̀. Ó dà bí rédíétọ̀ tí afẹ́fẹ́ tọ́bò ń gba inú rẹ̀ kọjá kí ó lè tutù. Porsche 911 Turbo ti 1978 ní in, Audi Quattro ti 1980 náà sì ní in.

3. Bí Ìgbóná ṣe di Ọ̀rọ̀ Iná Mànàmáná

Kí kọ̀ǹpútà tó lè mọ̀ bóyá intercooler ń ṣiṣẹ́, ìgbóná gbọ́dọ̀ di ohun tí wáyà lè gbé. Ní 1833, Michael Faraday ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàkíyèsí pé bí silver sulphide bá ṣe ń gbóná sí i ni iná mànàmáná ń rọrùn láti gba inú rẹ̀ kọjá sí i. Èyí yàtọ̀ sí ìwà irin. Èròjà oníwà bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú sẹ́ńsọ̀ òde òní. Ní 1967, D-Jetronic tí Bosch ṣe fún Volkswagen 1600 ti ń wọn ìgbóná afẹ́fẹ́ kí ó tó díwọ̀n epo. Nínú irú kan tí Bosch ń ṣe, ìdènà iná tí ó jẹ́ nǹkan bí 2,500 ohm ní ìwọ̀n 20 Celsius a máa wálẹ̀ sí nǹkan bí 300 ní ìwọ̀n 80. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fóltì 5 ni kọ̀ǹpútà ń rán sí sẹ́ńsọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná, fóltì tí kọ̀ǹpútà ń rí a wálẹ̀. Bí ó bá tutù, a gòkè.

4. Òfin California àti Ìbí Nọ́ńbà

Nítorí èéfín tí ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ìpínlẹ̀ California pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tuntun máa ṣọ́ ara rẹ̀ láti ọkọ̀ ọdún 1988. Nígbà náà, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀, mẹkáníìkì a máa ka iye ìgbà tí iná ìkìlọ̀ ṣẹ́jú. Ní 1996, àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí lo nọ́ńbà kan náà. Ti oníbẹntiróòlù ní Yúróòpù tẹ̀ lé e ní 2001. Nínú àwọn nọ́ńbà tí a ń lò lónìí, P007C ń sọ pé fóltì sẹ́ńsọ̀ intercooler lọ sílẹ̀ jù, P007D sì ń sọ pé ó ga jù.

Ibí yìí ni àṣìgbọ́ ti wọlé. Iná inú wáyà ni nọ́ńbà wọ̀nyí ń ṣọ́, kì í ṣe ohun tí ó fa àìsàn. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé nǹkan lọ sílẹ̀ lè rò pé afẹ́fẹ́ ni ó tutù. Fóltì ni ó wálẹ̀, ìgbóná tí kọ̀ǹpútà rò pé òun rí ni ó ga.

5. Ìwádìí tí ó Yẹ

Bí P007C bá jáde, kí mẹkáníìkì tú wáyà kúrò lára sẹ́ńsọ̀. Bí kíkà bá já sí nǹkan bí ìwọ̀n 40 ní ìsàlẹ̀ òdo, wáyà àti kọ̀ǹpútà kò jẹ̀bi. Sẹ́ńsọ̀ ni kí ó fura sí. Bí kò bá yí padà, ó ṣeé ṣe kí wáyà ti bó, kí ó máa kan irin ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ P007D, kí ó fi wáyà kékeré so ojú méjì tí ó jẹ́ ti ìgbóná pọ̀. Bí kíkà bá fò sókè gan-an, sẹ́ńsọ̀ ni. Bí kò bá fò, wáyà ti já tàbí ojú ìsopọ̀ ti dípẹtà. Bákan náà, nínú ọkọ̀ tí ó sùn mọ́jú láìṣiṣẹ́, gbogbo sẹ́ńsọ̀ ìgbóná yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Èyí tí ó bá yapa ni òpùrọ́.

Ìgbà mìíràn wà tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ òtítọ́. Bí ewé àti ẹrẹ̀ bá dí ojú intercooler, afẹ́fẹ́ yóò gbóná ní ti gidi, sẹ́ńsọ̀ tuntun yóò sì tún ìròyìn kan náà sọ.

6. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn kan a máa so ìdènà iná tí kì í yí padà mọ́ wáyà láti fi tan kọ̀ǹpútà jẹ. Iná ìkìlọ̀ yóò kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbóná tí ó bá tọ́bò wáyé kò kú. Kọ̀ǹpútà tí ó bá gbà pé afẹ́fẹ́ tutù kò ní dá iná pílọ́ọ̀gì dúró díẹ̀ bí ó ti yẹ. Písítìn ni yóò san gbèsè irọ́ náà. Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Wáyà, ojú ìsopọ̀, sẹ́ńsọ̀ àti intercooler fúnra rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn P007C. Ẹni tí ó bá mọ bí nọ́ńbà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ yóò yẹ gbogbo wọn wò kí ó tó ná owó oníǹkan.