Ògùnpa ọdún 1980, àti bí kọ̀ǹpútà ṣe mọ ojú omi

Ẹ̀yin èèyàn mi, thread òní gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. 🧵

Ní ọjọ́ Sunday, 31 August 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn. Òjò bíi wákàtí mẹ́wàá. Wọ́n wọn omi òjò yẹn, ó jẹ́ 274 mm. Àwọn tó kú lé ní 200. Àwọn tó gbọ́njú nígbà yẹn, Omíyalé ni wọ́n ń pè é. (Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà ni Ìbàdàn àtàwa ní Ifẹ̀ wà nígbà náà o, 1991 ni wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀.)

Òjò nìkan kọ́ ló fà á. Àárín ìlú ni odò yẹn gbà kọjá, ilé ti sún mọ́ ọn jù, ìdọ̀tí sì ti dí ojú ọ̀nà rẹ̀. Omi dé, kò ríbi gbà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ "ibi tí omi máa gbà jáde" yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ohun tó yà mí lẹ́nu rèé. Ní ọdún 1980 yẹn kan náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tony Hirt dá iléeṣẹ́ Flow Science sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1981, òun àti Nichols tẹ àlàyé kan jáde lórí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Volume of Fluid. Òun ni ọ̀pọ̀ software ṣì fi ń ṣe àfarawé omi tó ṣí ojú sí afẹ́fẹ́ títí dòní.

Kí ló wá le níbẹ̀? Omi inú páìpù tó kún, páìpù ti sọ ibi tí omi mọ fún ẹ. Àmọ́ omi odò, omi gọ́tà, omi dáàmù, òkè wọn ṣí sílẹ̀. Ojú omi ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń fọ́n, ó tún ń dà pọ̀. O gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi dé kó o tó lè ṣírò bó ṣe ń sáré, bẹ́ẹ̀ o gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń sáré kó o tó lè mọ ibi tó dé. Ẹ ò rí wàhálà?

Ní 1965, Francis Harlow àti Eddie Welch gbìyànjú ẹ̀ ní Los Alamos, ibi tí wọ́n ti ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì. Wọ́n da àmì tó-tò-tó sínú omi kọ̀ǹpútà náà. Ibi tí àmì bá wà, omi wà níbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àmì yẹn ń jẹ memory gan-an. Los Alamos ni Hirt náà ti ṣiṣẹ́, tiẹ̀ sì rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹ rántí ìwé ìṣirò alápòótí kéékèèké tá a lò ní primary school? Ẹ fi nọ́ńbà kan sínú àpótí kọ̀ọ̀kan. 1, omi kún un. 0, afẹ́fẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. 0.4, omi ò tó ìdajì. Ibi tí nọ́ńbà bá ti wà láàárín 0 àti 1, ojú omi nìyẹn. Ó tán!

OpenFOAM wá ńkọ́? Imperial College ní London ni Henry Weller ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà tí 1980s ń parí lọ. December 2004 ni wọ́n gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ ni mo wí o.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ń jẹ́ damBreak. Àpótí kan ni, ìbú ẹ̀ àti gíga ẹ̀ jẹ́ 0.584 mítà. Omi dúró lápá òsì, ìbú ẹ̀ 0.146, gíga ẹ̀ 0.292. Ohun tó dá omi dúró á kúrò, omi á wó lulẹ̀, á forí gbá ìdènà kékeré kan, á ta sókè. 2,268 ni àwọn àpótí kéékèèké inú ẹ̀, laptop lásán á ṣe é tán kí wọ́n tó múná lọ ní Òkè-Ogbò.

Ìwọ lo máa fi blockMesh gé àyè yẹn sí wẹ́wẹ́. Wàá fi setFields sọ ibi tí omi wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Wàá sọ bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó (1000 sí 1), wàá sì ṣí òkè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé jáde. Omi ò gbọ́dọ̀ fo ju àpótí kan lọ nínú ìṣísẹ̀ kan. Láti 1928 ni Courant, Friedrichs àti Lewy ti ṣe òfin yẹn ní Jámánì, nígbà tí kọ̀ǹpútà bíi tiwa ò tíì sí láyé.

Tó bá wá di odò, ẹnu àbájáde ni ìjà wà. Nínú odò tó ń rọra ṣàn, ìsàlẹ̀ ló ń pàṣẹ fún òkè. Tí ìsàlẹ̀ bá dí, omi á padà sẹ́yìn, á máa ga sí i. Nínú kọ̀ǹpútà, wàá jókòó wò ó. Ní Ògùnpa, àwọn èèyàn wà nínú ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ò sì mọ ìdọ̀tí o. Tó o bá ya gọ́tà tó mọ́ tónítóní fún un, omi inú gọ́tà tó mọ́ ló máa ṣírò fún ẹ.

Ní 26 August 2011, OpenFOAM ti di ọ̀fẹ́ fún ọdún mẹ́fà ó lé. Òjò 187.5 mm tún rọ̀ sí Ìbàdàn láàárín wákàtí díẹ̀, ó lé ní 100 èèyàn tó bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé software la ò ní. Ìwọ̀n ni. Báwo ni odò ṣe jìn tó lọ́dún yìí? Ihò abẹ́ afárá yẹn fẹ̀ tó mítà mélòó? Ṣé yanrìn ti dé ìdajì ẹ̀? Ẹni tó wọ bàtà òjò, tó mú tépù dání, ló lè dáhùn.

Ẹ má sì lọ kó odindi ìlú sínú OpenFOAM o, laptop yín á sunkún. Ti ìlú, ìṣirò tí Saint-Venant gbé jáde ní Faransé ní 1871 ṣì ni wọ́n ń lò, ó wà nínú HEC-RAS, ọ̀fẹ́ lòun náà. Abẹ́ afárá kan, tàbí ibi tí omi àjùlọ ti ń dà kúrò nínú dáàmù bíi Ọ̀pá tí Yunifásítì Ifẹ̀ kọ́ ní 1978, ìyẹn ló bá Volume of Fluid mu.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú damBreak lálẹ́ òní: láti version 11 (2023) ti OpenFOAM Foundation, wọn ò lo interFoam mọ́, foamRun pẹ̀lú incompressibleVoF ni. Ti OpenFOAM.com ṣì ń jẹ́ interFoam. Tó bá kọ̀ fún yín, ẹ yẹ version wò ná kẹ́ ẹ tó bú laptop.