Ìwà Ni Tàbí Àrùn? Ìtàn Ohun Kan Tí Ń Da Ilé Tọkọtaya Rú

Sawaba jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò zongo ìlú Kumasi ní ilẹ̀ Gánà. Èdè Hausa ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìrọ̀rùn tàbí òmìnira. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni àwọn àlejò láti oríṣìíríṣìí ilẹ̀ ti ń gbé pọ̀ láti ìgbà pípẹ́, àwọn Yorùbá sì wà lára wọn. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọkọ àti aya, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, olórí ẹ̀yà tàbí lèmọ́mù ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ kí ó tó di ọ̀ràn kóòtù.

Kò sí àgbà tí ó ti jókòó nídìí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe ní Kumasi, ìbáà ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò tí ì gbọ́ irú ẹ̀sùn yìí rí. Ìyàwó ní ọkọ òun kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ parí kí ọkàn rẹ̀ tó fò lọ sí ibòmíràn. Ó ní ó dáwọ́ lé iṣẹ́ mẹ́ta, kò parí ọ̀kan. Ó ní owó ilé-ìwé ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti fi ra ohun tí kò sẹ́ni tí ó rán an. Ọkọ ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó bẹ̀bẹ̀, ó sì ṣèlérí. Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n ti tún padà wá. Nígbà mìíràn, ìyàwó ni ó ń gbàgbé, tí ọkọ sì ń rojọ́. Ìdájọ́ kì í sábà yàtọ̀: wọn a ní ìwà olúwarẹ̀ ni kò dára, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ràn aya rẹ̀ kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé àwọn àgbà ṣi irú ọ̀ràn báyìí mọ̀ nígbà mìíràn, kì í ṣe àwọn nìkan. Àwọn oníṣègùn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pàápàá rìn ín tó igba ọdún kí wọ́n tó rí ibi tí ó forí tì sí. Ní ọdún 1775, Melchior Adam Weikard, dókítà ará Jámánì, kọ̀wé nípa àwọn ènìyàn tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan. Ní ọdún 1798, Alexander Crichton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ṣàpèjúwe irú rẹ̀, ó sì ní ó lè jẹ́ àbímọ́ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1902, nígbà tí George Still ń bá àwọn oníṣègùn sọ̀rọ̀ ní London nípa àwọn ọmọ tí làákàyè wọn pé àmọ́ tí wọn kò lè kó ara wọn níjàánu, àléébù nínú agbára ìwà rere ni ó pè é. Ẹ ò rí i pé ohun tí àgbà ń wí lórí ẹní ni dókítà náà wí lórí àga.

Oògùn ni ó kọ́kọ́ yí èrò padà. Ní ọdún 1937, Charles Bradley fún àwọn ọmọ kan ní ilé ìwòsàn kan ní Rhode Island, ní Amẹ́ríkà, ní oògùn Benzedrine. Oògùn tí ń ta ara jí ni. Síbẹ̀, ara ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà balẹ̀, iṣẹ́ ilé-ìwé wọn sì dára sí i. Ní ọdún 1944, Leandro Panizzon ṣe oògùn mìíràn ní Switzerland. Rita, orúkọ tí wọ́n ń fi ké aya rẹ̀, ni ó mú sọ ọ́ ní Ritalin. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìyàwó ilé kan wọ inú ìtàn àrùn yìí, nígbà tí kò tí ì sí ẹni tí ó rò pé ọ̀ràn náà kan ọkọ àti aya rárá.

Òwe Yorùbá ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ní. Ìwé ìlànà àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ti ọdún 1968 pè é ní àrùn ọmọdé, ó ní ó sábà máa ń rọlẹ̀ bí ọmọ bá ti ń bàlágà. Ọmọ náà dàgbà, ó gbéyàwó, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kò bá a dé ilé ọkọ òun aya. Ní nǹkan bí ọdún 1976 ni Paul Wender àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Utah ń fi ìwádìí hàn pé ó wà lára àgbàlagbà. Ìwé ìlànà ti ọdún 1980 gbà pé ó lè kù lára ẹni tí ó ti dàgbà. Ní ọdún 1987 ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí lónìí, ADHD, jáde.

Kì í ṣe gbogbo onígbàgbé ni ó ní in. Ó gbọ́dọ̀ ti hàn láti kékeré. Ìwé ìlànà ti ọdún 2013 ní kí ó tó di ọmọ ọdún 12. Ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Ẹni tí ó ní in kì í ṣe aláìlọ́kàn. Ìjánu ọkàn náà ni kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tuntun a máa gbà á lọ́kàn pátápátá. Nítorí náà, nígbà ìfẹ́sọ́nà, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lè rò pé kò sí ẹni tí a fẹ́ràn tó òun láyé. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, tí ohun gbogbo di ojoojúmọ́, ọkàn náà ṣí lọ, ẹnì kejì sì gbà pé ìfẹ́ ti tán. Òun ni yóò máa rántí, tí yóò máa ránni létí, tí yóò sì máa bínú, títí yóò fi di bí òbí sí ọkọ tàbí aya rẹ̀. Edward Hallowell àti John Ratey kọ̀wé nípa irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1994. Melissa Orlov sì ya odindi ìwé sọ́tọ̀ fún ọ̀ràn náà ní ọdún 2010.

Agbo ilé àtijọ́ lè bo irú àléébù yìí mọ́lẹ̀. Ìyá ọkọ ń rántí ọjọ́ àjọ, àbúrò ń ṣọ́ ìsọ̀, ọmọ iṣẹ́ ń ka owó. Ohun tí ẹnì kan gbàgbé, ẹni mẹ́wàá rántí. Ṣùgbọ́n agbo ilé kì í wà títí láé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní Kumasi kó ẹrù wọn, ìdílé sì túká. Lónìí, ìbáà ṣe ní Kumasi, ní Èkó tàbí ní London, tọkọtaya púpọ̀ ni ó ń dá gbé nínú yàrá kan tàbí méjì. Ẹrù ẹni mẹ́wàá ti di ti ẹnì kan.

Kí ni àtúnṣe? Ìlérí nìkan kò tó, nítorí ìlérí náà fúnra rẹ̀ ni ó ń di ìgbàgbé. Dókítà ní láti yẹ ẹni náà wò. Oògùn a máa ran ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, olùgbani-nímọ̀ràn tí ó mọ àrùn náà a pe àwọn méjèèjì jókòó, kì í ṣe láti wá ẹni tí ó jẹ̀bi, bí kò ṣe láti gbé ìrántí kúrò nínú orí sí ojú ògiri: kí iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní kíkọ, kí aago máa dún, kí ọjọ́ kan pàtó wà fún ìṣírò owó ilé, kí ẹni tí ó ń ránni létí sì sinmi.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Láti ọdún 1954, ní Àró ní Abẹ́òkúta, Thomas Adéoyè Lambo ń gba àwọn aláìsàn ọpọlọ pẹ̀lú ẹbí tí yóò bá wọn gbé ní abúlé àyíká, nítorí ó mọ̀ pé ẹbí wà lára ìwòsàn. Ní Gánà, òfin ìlera ọpọlọ ti ọdún 2012 dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àwọn dókítà ọpọlọ kò pọ̀, àwọn àgbà sì wà ní gbogbo àdúgbò. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà náà ni ẹjọ́ yóò ṣì máa kọ́kọ́ dé.

Àrùn kì í ṣe àwáwí. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun ní in ní láti wá ìtọ́jú, kí ó sì san gbèsè tí ìgbàgbé rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn baba ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú ẹjọ́ yìí, ẹlẹ́rìí kẹta wà tí wọn kì í pè: ìgbà èwe ẹni tí wọ́n fi sùn. Kí àgbà béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bí ó ti rí ní ọmọ ọdún méje, àti ohun tí àwọn olùkọ́ ń wí nípa rẹ̀. Bí ìdáhùn bá bá ẹ̀sùn òní mu, ilé dókítà ni kí ó kọ́kọ́ darí wọn sí, kí ó tó ní kí ẹnikẹ́ni kó ẹrù aya jáde.