Ẹni Tí Wọ́n Rán Níṣẹ́ Ẹrú

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: bí iṣẹ́ tí wọ́n rán ni bá tiẹ̀ burú, ọgbọ́n ọmọlúàbí ni a ó fi jẹ́ ẹ.

Ní Navy Town, níhìn-ín ní Ọ̀jọ́, ní Èkó, ọmọ bárékè kì í pẹ́ mọ gbólóhùn tí àwọn ológun fi ń kọ́ra wọn: kọ́kọ́ ṣe é ná, kí o tó ráhùn. Ogun kò ṣeé jà láìsí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Èrò tí mo ń takò ni pé ẹni tó bá ti wọ kaakí kò lẹ́jọ́ jẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ni ká lọ bá. Òfin wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1972, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbọ́ ẹjọ́ Pius Nwaoga, ọmọ ogun Biafra tó bá wọn pa ẹnì kan lásìkò ogun abẹ́lé nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ pàṣẹ. Wọ́n ní ìpànìyàn ni, àṣẹ ọ̀gá kò sì lè gbà á sílẹ̀.

Ní November 3, 2008, ní Victoria Island, àwọn ọmọ ogun ojú omi tó ń tẹ̀ lé Rear Admiral Harry Arogundade lu ọmọbìnrin kan nítorí pé kò tètè yà fún wọn lójú ọ̀nà. Fọ́nrán rẹ̀ tàn káàkiri. Ní January 2010, Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó ní kí wọ́n san ₦100 mílíọ̀nù fún un. Ohun tí àwọn èèyàn ń bi ara wọn nígbà náà ni pé irú èèyàn wo nìwọ̀nyí. Ìbéèrè tèmi ni pé kí ni ì bá mú kí ẹnì kan nínú wọn sọ pé ó tó?

Stanley Milgram, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, wá ìdáhùn sí irú rẹ̀ ní Yunifásítì Yale ní 1961 àti 1962. Ó ní kí àwọn ará ìlú máa tẹ bọ́tìnnì tí yóò fi iná mànàmáná gbá ẹni tó bá ṣi ìdáhùn. Kò síná níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀. Nínú ọkùnrin 40, 26 tẹ̀ ẹ́ dé òpin, volt 450. Iye yìí ni gbogbo ayé gbámú, òun ni wọ́n fi ń sọ pé ọmọ aráyé kò láàánú. Wọn kò kà á tán. Nígbà tí Milgram fi ẹni méjì ti ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì, tí àwọn méjèèjì sì kọ̀, mẹ́rin péré nínú 40 ló dé òpin. Nígbà tó wá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń tẹ̀ ẹ́, tí iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ tiwọn, 37 nínú 40 ló bá a dé òpin. Akọ̀wé, awakọ̀, ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn: àwọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí ọwọ́ wọn kò kan ẹni tó ń jìyà.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn kọ̀, ọ̀tọ̀ ni kó tú u síta. Ẹni tó kọ̀ ti yọ ọwọ́ tirẹ̀, iṣẹ́ burúkú náà sì lè máa lọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní 2012, Piero Bocchiaro, Philip Zimbardo àti Paul Van Lange gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Amsterdam. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ 149 kọ̀wé láti fi fa ojú ọ̀rẹ́ wọn mọ́ra wọnú ìdánwò kan tó léwu. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n lè fi ta ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìlànà ìwádìí lólobó sì wà nítòsí. 76.5% ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe, 14.1% kọ̀, 9.4% péré ló fi tó ìgbìmọ̀ létí. Wọ́n wá bi àwọn 138 mìíràn léèrè ohun tí wọn ì bá ṣe: 64.5% ní àwọn ì bá tú u síta. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ọ̀gá ni kò sí níwájú wọn.

Ohun tó tún ń di àwa lẹ́nu ni pé a kì í ya ẹni tó ń tú àṣírí síta sọ́tọ̀ lára olófòófó. Olófòófó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lágbára lọ bá alágbára, kó lè rí ojú rere. Èkejì ń gbé ọ̀rọ̀ alágbára lọ síbi tí wọ́n ti lè bi í léèrè, ojú rere sì ni ohun àkọ́kọ́ tó ń pàdánù. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní December 2016 ṣèlérí 2.5% sí 5% owó tí wọ́n bá gbà padà fún ẹni tó bá ta wọ́n lólobó. Ó ṣiṣẹ́: ní April 2017, lẹ́yìn tí ẹnì kan ta àjọ EFCC lólobó, wọ́n rí $43.4 mílíọ̀nù nínú ilé kan ní Ikoyi. Ṣùgbọ́n kí ni wọn yóò ṣírò ìdá rẹ̀ fún ẹni tó sọ pé wọ́n lu ará ìlú?

Òwe wa kò ní kí ọmọ má jẹ́ iṣẹ́. Ọmọ ní ẹnu láti padà wá bi ẹni tó rán an pé ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ kó rí. Ẹrú kò ní in. Ọmọ ogun ojú omi tó bá fẹ́ jíṣẹ́ bí ọmọ nílò ibi tó lè gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ náà kàn, àti ẹnì kejì tí yóò bá a dúró.